Ta Ló Máa Ṣe Onígbọ̀wọ́ fún Onígbàǹjo?

 

Àwọn tó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ wa kan dìde, ó ní òun fẹ́ gba láísẹ́ńsì onígbàǹjo. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀gá kan, ó ti ń bá a kiri ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ìjọba tó ti gbó àti ẹrù tí báǹkì gbà lọ́wọ́ onígbèsè. Wọ́n ní kó mú èèyàn méjì wá tó ní ohun ìní nílùú, tí wọ́n á fọwọ́ sí ìwé pé bí owó olówó bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn làwọn máa san án. Ó wá bẹ ẹgbẹ́ pé kí àgbà méjì ṣe onígbọ̀wọ́ òun.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá wa kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ní, “Ṣé iṣẹ́ àwọn tó ń ta ilé onílé yẹn náà? A ò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i.” Ìyá wa kan náà sọ pé títí di òní, bí òun bá gbọ́ aago onígbàǹjo, àyà òun á já. Ọmọ náà jókòó, ó tẹrí ba. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ sí ìpàdé tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí èmi tí mo máa ń da ẹnu yín láàmú pẹ̀lú ìtàn àtijọ́ lọ wo ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá, kí n kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè kà á kí a tó pàdé. Ó gùn díẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Gbàǹjo ni àwa ń pè é. Àwọn aládùúgbò wa Hausa ń pè é ní gwanjo. Gbogbo wa tí a ti ń gbé àárín wọn mọ̀ pé “gb” kì í gbé ẹnu wọn dáadáa, “gw” ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó máa yí mi lọ́kàn padà pé kì í ṣe lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí reluwé dé Kánò ní 1911, tí àwọn akọ̀wé reluwé àti oníṣòwò wa tẹ̀lé e dé, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Sábóńgàrì, ẹrù nìkan kọ́ ni wọ́n gbé wá, wọ́n gbé èdè ọjà náà wá. Lónìí, bí ẹ bá wọ ọjà tí ẹ ní gwanjo lẹ ń wá, aṣọ ọ̀kírìkà ni wọ́n á nà sí yín. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ń ra gwanjo lójoojúmọ́, wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wọn ni wọ́n ń rà padà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni onígbọ̀wọ́, èyí sì lágbà ju gbàǹjo lọ. Ẹni tó bá ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, á rántí ibi tó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Àmọ́ olówó kì í kàn ka owó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà láàárín, òun ni onígbọ̀wọ́. Bí ìwọ̀fà bá sá lọ, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń gbà. Ìwé kankan ò sí níbẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Bí onígbèsè bá sì kọ̀ tí kò san, olówó lè lọ gba ológò. Ológò á wá jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa bú èèyàn, á mú adìyẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ pa jẹ, títí owó fi máa jáde. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń lò. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òyìnbó ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn dúró fún owó. Ohun tí a ò ní ni ẹni tó máa dúró láàárín ọjà, tí á gbé ẹrù ẹlòmíràn sókè, tí á ta á fún ẹni tó bá pe iye tó ga jù, tí á sì gba owó náà sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìyẹn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Owó orí ló sì bí láísẹ́ńsì. Ní 1777, ogun Amẹ́ríkà ń jẹ owó, ìjọba Lord North sì ń wá ibi tí owó máa gbà wọlé. Wọ́n wá gbé owó orí lé ohun tí wọ́n bá tà ní gbàǹjo, wọ́n ní kí onígbàǹjo kọ̀ọ̀kan gba láísẹ́ńsì. Nítorí pé ọwọ́ onígbàǹjo ni owó orí náà ń gbà kọjá, wọ́n tún ní kó fọwọ́ sí ìwé ìgbọ̀wọ́ pé òun á jíhìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: owó ọba ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ ní kí wọ́n gbọ̀wọ́ fún onígbàǹjo, kì í ṣe owó ẹni tó ni ẹrù. Ní 1845 wọ́n pa owó orí náà rẹ́, wọ́n sọ láísẹ́ńsì di £10 lọ́dún. Òfin ọdún yẹn tún ní kí onígbàǹjo kọ orúkọ àti ibi tó ń gbé gàdàgbà síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ títà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á san £20. Mo fẹ́ràn apá yẹn gan-an. Ní 1949 wọ́n fòpin sí láísẹ́ńsì náà nílẹ̀ wọn. Àwọn tó bí i ti sin ín, àwa la ṣì ń wá onígbọ̀wọ́ kiri.

Ibi tí gbàǹjo ti kọ́kọ́ kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, kì í ṣe Èkó. Sàró ni, ní Freetown. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà.

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rú kiri òkun. Èyí tí wọ́n bá mú, Freetown ni wọ́n ń kó o lọ. Ilé-ẹjọ́ wà níbẹ̀ láti 1808, wọ́n sì tún fi òmíràn kún un ní 1819, èyí tí àwọn àti orílẹ̀-èdè mìíràn jọ dá sílẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dá ọkọ̀ lẹ́bi, wọ́n á dá àwọn èèyàn inú rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ńkọ́? Ọkọ̀ náà, ìgbòkun rẹ̀, agbada ìdáná rẹ̀, aṣọ àti ọtí àti irin inú rẹ̀, gbàǹjo ni wọ́n ń lù ú.

Ẹ fojú inú wò ó. Ogun Yorùbá ń jó nílé, Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń tú ká, Òwu ti bàjẹ́. Wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí etíkun Èkó. Ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Henriquetta, ti àwọn ará Bùràsíìlì. Ní oṣù kẹsàn-án 1827 wọ́n mú un pẹ̀lú ẹrú tó lé ní 500, tó ń kó wọn láti Èkó lọ sí Bahia. Wọ́n kó wọn sọ̀ sí Freetown, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí gbàǹjo, àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rà á, wọ́n sọ ọ́ ní Black Joke, wọ́n sì fi ń lé àwọn akẹ́rú yòókù. Ìyẹn dáa. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́rú náà ní aṣojú ní Freetown. Aṣojú á wá sí gbàǹjo gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, á pe iye tó ga jù, á san owó, ọkọ̀ tí wọ́n mú lánàá á tún padà sẹ́nu òwò ẹrú. Gbàǹjo tó bófin mu ni o! Ẹni tó ń ta á kò béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ẹni tó pe iye jù ló ni ín. Ó tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Spéènì ṣe àdéhùn ní 1835, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọkọ̀ tí ẹjọ́ bá dá lẹ́bi, kí wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó ta ègé rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n dá sílẹ̀ náà ń wò. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí “ẹ kú” tí kì í wọ́n lẹ́nu wa. Wọn ò ní nǹkan kan nígbà tí wọ́n dé. Àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ. Ẹnì kan ò lè ra odindi ẹrù ọkọ̀ kan, ni wọ́n bá ń para pọ̀, wọ́n á lọ sí gbàǹjo, wọ́n á ra ẹrù náà lápapọ̀, wọ́n á pín in láàárín ara wọn, kálukú á gbé tirẹ̀ kiri àdúgbò, á tà á ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jọ ń ra báálì kan pín lọ́jà, ẹ mọ ọgbọ́n yẹn. Ẹni tí wọ́n kó wá gẹ́gẹ́ bí ọjà ti wá di ẹni tó ń ná ọjà.

Ní 1839, wọ́n ra ọkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀ ni, ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí ló rà á, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, èèyàn 67 sì wọ inú rẹ̀ láti Freetown, wọ́n forí lé ilé. Àwọn tó sọ̀ ní Èkó, wọ́n jà wọ́n lólè. Nítorí náà Àgbádárìgì ni ọ̀nà tó wá mọ́ wọn lára, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Lọ́dún yẹn kan náà àwọn mìíràn kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà sí Àgbádárìgì. Ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn, gbogbo ohun tí àwọn Sàró gbé wá sílé lẹ́yìn náà, lára ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ni ọkọ̀ kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ onígbàǹjo. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ ó ṣì máa ń ṣe mí bákan. Èèyàn jókòó sórí pákó tí wọ́n ti de irú rẹ̀ mọ́, ó sì ń wa ọkọ̀ náà lọ sílé.

Nítorí náà, bí bàbá wa bá ní iṣẹ́ àwọn tó ń ta ilé onílé ni, òótọ́ ni. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn kan náà ló ta ọkọ̀ fún wa.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n gbé òfin wọn wá, onígbàǹjo sì tẹ̀lé e. Ẹrù tó bàjẹ́ díẹ̀ nínú ọkọ̀, dúkìá ẹni tó kú, ilé ẹni tó jẹ gbèsè, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sábẹ́ òòlù. Kò pẹ́ tí ọmọ Yorùbá náà fi gba iṣẹ́ náà. Ẹni tó lókìkí jù nínú wọn ni Andrew Thomas, tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ebun House sí Òpópónà Odunfa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ẹni tó bá mọ Èkó àtijọ́ mọ̀ pé ilé yẹn kì í ṣe ilé kékeré. Iṣẹ́ gbàǹjo ló fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òfin tiwa wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù àwọn ìyá wa wà. Òfin àwọn onígbàǹjo tí wọ́n kọ fún agbègbè Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́, tí ti Àríwá àti Ìlà-oòrùn sì jọ ọ́, ní apá kan, apá 19, tó ń sọ nípa títa ilẹ̀ àti ilé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ ní gbàǹjo àfi tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní olú ìlú agbègbè tí ilẹ̀ náà wà, kí wọ́n sì tún kéde rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ tà á. Ìwé nìkan ò tó. Òfin náà ní kí wọ́n lu ìlù, tàbí kí wọ́n lo ọ̀nà mìíràn tí ẹni tí kò kàwé á fi gbọ́. Kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tó ń ta á àti ibi tó ń gbé.

Ẹ tún un kà. Ìlù! Ẹni tó kọ òfin yẹn mọ̀ pé ìyá arúgbó tó jókòó sínú ilé tí wọ́n fẹ́ tà kò ní ka ìwé ìròyìn. Kí ilé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, ọjọ́ méje ṣáájú, kó lè sáré lọ pe àwọn àbúrò, kó lè ta góòlù ọrùn rẹ̀, kó lè lọ bẹ olówó. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni ọjọ́ méje yìí ti dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn kan dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ẹni tó kánjú ta á lọ́jọ́ karùn-ún, ẹni tó lẹ ìwé mọ́ ara ògiri lóru tó sì tún já a lọ́wọ́ àárọ̀, gbogbo wọn ni àwọn adájọ́ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọn rí.

Èmi náà ti rí i. Ilé ọ̀rẹ́ bàbá mi, nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹnì kan wá ta á ní gbàǹjo lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní kírun. Èèyàn mẹ́ta péré ló dúró níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ wá ni. A ò gbọ́ aago, a ò gbọ́ ìlù. Ìgbà tí wọ́n wá wádìí, ọkùnrin náà kò ní láísẹ́ńsì. Kò sí onígbọ̀wọ́ kankan tí wọ́n lè mú. Ó ti lọ. Ìdílé náà padà sí Ọ̀fà lọ́dún yẹn, a ò sì gbúròó wọn mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà rò ó dáadáa: ṣé onígbàǹjo ló ba ilé yẹn jẹ́ ni, àbí àìsí ẹni tó gbọ̀wọ́ fún un?

Ọ̀rọ̀ pé ta ló gbọ́ ìkéde yìí, ó ti kan Nàìjíríà lápapọ̀ rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba dúkìá àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣòwò níbí, ilé ìtajà, ilẹ̀, àgọ́ ẹrù. Ní oṣù kọkànlá 1916 wọ́n fẹ́ lù wọ́n ní gbàǹjo. Níbo? Ní Lọ́ńdọ̀nù. Ariyanjiyan tó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní ọjọ́ 8 oṣù náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Edward Carson fi dojú kọ Bonar Law tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, àwọn òpìtàn sì kà á mọ́ ohun tó ṣí ọ̀nà fún ìṣubú ìjọba Asquith lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ń jà lé ni pé, ṣé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó rà á, àbí kí àwọn àjèjì náà lè dá sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ ìlù gbàǹjo tó ń dún ní Lọ́ńdọ̀nù láti Kánò tàbí Èkó, etí rẹ̀ á gùn o.

Àwọn kan nínú yín á ní kí ni tèmi nínú ìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà, Ìlọrin, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè nípa Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní Kumasi, ní Tamale, ní àwọn ìlú kéékèèké, wọ́n ní sọ́ọ̀bù, wọ́n kọ́lé. Ọ̀sẹ̀ méjì! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù. Ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀dì, kẹ̀kẹ́, ọjà tó kún sọ́ọ̀bù, gbàǹjo ni wọ́n lu gbogbo rẹ̀. Kò sí onígbàǹjo níbẹ̀ o. Kò sí ẹni tó gbé òòlù. Ẹni tó fẹ́ rà á kàn dúró ni, ó mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, iye á máa wálẹ̀, nítorí ọjọ́ ń lọ. Ìyá wa tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, láti Kumasi ni wọ́n gbà dé Kánò. Wọ́n ti fún mi láyè láti kọ ọ́. Ọkọ wọn ní sọ́ọ̀bù páànù àti ìkòkò. Ẹni tó rà á fi owó ọkọ̀ wọn nìkan rà á. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì béèrè pé, “Mama, aago tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ṣé ẹnì kan lu aago ní Kumasi?” Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní rárá, kò sí aago kankan.

Ohun tí onígbàǹjo gidi wà fún nìyẹn, kí ẹrù ẹni tó wà nínú ìṣòro má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń dúró dè é. Bí èrò bá pé, tí ìkéde bá tó, iye á gòkè. Ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀ náà, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n lè fi èèyàn sáàárín èrò pé kó máa pe iye sókè lásán kí ẹlòmíràn lè gbóná sí i. Òfin títa ọjà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1893, tó di ara òfin wa, ti mú ìyẹn lọ́rọ̀: ẹni tó ni ọjà kò gbọ́dọ̀ pe iye lórí ọjà ara rẹ̀ tàbí kó rán ẹlòmíràn, àfi tó bá ti kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Òfin náà ló sọ pé ìgbà tí òòlù bá wálẹ̀ ni ọjà tà, kí ó tó wálẹ̀ ẹni tó pe iye lè fà sẹ́yìn. Ọmọ wa yẹn mọ gbogbo èyí lórí. Mo bi í, ó dáhùn. Mo tún bi í ní ti ìlù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá òun ṣì máa ń rán ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri àdúgbò, kó kéde ní Hausa, ní Yorùbá, ní Ìgbò.

Láti 2007, òfin ìjọba àpapọ̀ ti wí pé ohun ìní ìjọba tí wọ́n bá fẹ́ tà, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iye tó tó, kí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè dá sí i. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìwé. Àwọn ọmọ wa kan ń ra mọ́tò lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọn ò kàn fẹ́ sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìgbọ̀wọ́. Ẹ̀rù tó ń ba bàbá wa kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Bí ọmọ yìí bá ta ilé báǹkì kan tí owó náà sì yà sápò rẹ̀, ilé àwọn tó fọwọ́ sí i ló máa lọ sórí gbàǹjo. Onígbọ̀wọ́ ìgbà ìwọ̀fà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fọwọ́ sí i, nítorí pé ó mọ ilé ọmọ náà, ó mọ bàbá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni àwọn tó ní kí wọ́n mú ará ìlú méjì wá ń wá. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwa la mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọn kì í ṣe onílùú fi nílò ẹgbẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ onílùú á pe àbúrò bàbá rẹ̀. Ọmọ tiwa, àwa náà ni àbúrò bàbá rẹ̀ níbí.

Èrò tèmi, ẹ lè bá mi jiyàn lábẹ́ ibí yìí kó tó di ọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ pé mo ṣe tán láti jẹ́ ẹnì kan nínú àwọn méjì. Àmọ́ mo ní àdéhùn mẹ́ta, mo ti sọ ọ́ fún ọmọ náà lójú bàbá rẹ̀. Owó tó bá tà kò gbọ́dọ̀ wọ àpò ìfowópamọ́ ara rẹ̀ rárá, kó ṣí ti òwò lọ́tọ̀, kí akápò ẹgbẹ́ máa rí ìwé báǹkì rẹ̀ lóṣooṣù ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Kò gbọ́dọ̀ ta ilé tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ láì jẹ́ pé ọjọ́ méje pé, kí wọ́n sì ti kéde rẹ̀ ní èdè tí àwọn ará ilé náà gbọ́. Ẹ̀kẹta, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé gàdàgbà sórí pákó níbikíbi tó bá ti ń tà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní 1845. Ó ní òun gbà. Bàbá rẹ̀ ní òun fúnra òun máa san owó pákó náà.

Ó ku ẹnì kan. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá wa tó wá láti Kumasi ní àná kí n lè ka ohun tí mo kọ fún wọn kí n tó gbé e síbí. Nígbà tí mo ka ibi tí mo ti kọ nípa sọ́ọ̀bù páànù wọn tán, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ọmọ náà, ṣé òun ni ọmọ Ìyá Bísí tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà reluwé tẹ́lẹ̀? Mo ní òun ni. Wọ́n ní kó wá rí àwọn lọ́jọ́ Sátidé, kó mú ìwé náà dání.